Ẹ Má Gba Àdá Àtijọ́ Lọ́wọ́ Àgbẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olólùfẹ́ èdè wa, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni WordPress 5.0 jáde. Ó gbé àyè ìkọ̀wé tuntun dé, tí wọ́n fi orúkọ Gutenberg, òǹtẹ̀wé ará Jámánì nì, pè. Nínú rẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni ohun gbogbo: ìpínrọ̀ kan, búlọ́ọ̀kù kan, àwòrán kan, búlọ́ọ̀kù kan. Ẹni tí ó ń to àwòrán àti àtẹ yóò gbádùn rẹ̀; n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé àròkọ kì í ṣe bíríkìlà. Èrò rẹ̀ ń ṣàn láti ìpínrọ̀ kan bọ́ sí èkejì, àmì ohùn sì ti tó iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo, bíi tákàdá, ni ó yẹ ẹ́.

Bí WordPress yín bá gba plugin, ẹ wá Classic Editor, tí àwọn WordPress fúnra wọn ṣe, kí ẹ sì tan án. Lábẹ́ Settings, ní Writing, ẹ óò yan èyí tí ẹ fẹ́. Ojúlé tí ó ń lò ó ju mílíọ̀nù 5 lọ. Ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún òpin ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n ti sún un síwájú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. N kò ní kí a lé tuntun lọ; kí olúkúlùkù yan tirẹ̀ ni mo wí. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.