Irú Pupa Wo Ni?

Ọmọ ẹja àrọ̀ 200 ni àwa mẹ́rin dáwó jọ rà lọ́dún tó kọjá. Tánkì oníke aláwọ̀ búlúù la kó wọn sí lẹ́yìn ilé tí a gbà ní Òkókómáíkò. Èrò wa ni pé a óò tà wọ́n nígbà Kérésìmesì, ká fi san owó ilé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọn ò jẹun mọ́, orí omi ni wọ́n ń wá mí ṣáá. A mú ọ̀kan, a ṣí etí rẹ̀ wò, abẹ́ ibẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. La bá pe ẹni tó ń ta oògùn ẹja fún wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹja wa ò jẹun mọ́, abẹ́ etí wọn ti di pupa."

"Pupa? Kòkòrò nìyẹn. Ẹ máa bọ̀ wá gba oògùn."

A gba oògùn apakòkòrò, a tú u sómi. Lọ́jọ́ kẹta, ẹja 31 ló kù.

Ẹ̀gbọ́n náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, kò bi wá léèrè ìgbà tí a pààrọ̀ omi kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gan-an la sọ ọ̀rọ̀ tí kò tó fún un. Pupa la pe ẹ̀jẹ̀, pupa la pe epo, pupa la pe ìbẹ́pẹ tó pọ́n, pupa náà la pe irin tó dípẹtà. Lójúkojú kò sí wàhálà, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ń wo ohun tí à ń wò. Lórí fóònù, ó di nǹkan mìíràn. Abẹ́ etí ẹja tí ara rẹ̀ le, ṣebí pupa lòun náà, bí ẹ̀jẹ̀!

Tiwa rí rúsúrúsú bí ìpẹtà, ohun tó sì ń fa ìyẹn kì í ṣe kòkòrò. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà nínú omi, amóníà á di nitrite, nitrite á wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹja àrọ̀, tó lè wá mí lókè omi, fi ń kú pẹ̀lú gbogbo mímí rẹ̀. Omi tuntun àti iyọ̀ níwọ̀nba ni ìtọ́jú rẹ̀. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí nitrite ráyè wọlé. Oògùn tí a tú síbẹ̀ tún lè pa àwọn kòkòrò rere tó ń sọ nitrite di ohun tí kò burú tó bẹ́ẹ̀. Owó wa la fi ra ikú fún wọn.

Ká ní ẹ̀jẹ̀ ló sé tótòtó síkùn àti ìdí lẹbẹ wọn ni, ọ̀rọ̀ kòkòrò ì bá wọlé. Ká ní gbogbo ara ló pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ẹ̀dọ̀ àti oúnjẹ tó ti bàjẹ́ là bá kọ́kọ́ fura sí.

Funfun náà ní tirẹ̀. Ẹja tí a gbé kúrò nínú adágún ẹlẹ́rẹ̀ sínú tánkì búlúù máa ń ṣá, kò sì ṣàìsàn. Aládùúgbò wa kan ní Ìbà ti fi irú rẹ̀ ta ọ̀pọ̀ ní kóyákóyá. Èyí tó lẹ̀ mọ́ awọ bí òwú ló yẹ kó já a láyà.

Àwọn kan ní ká ya fọ́tò ránṣẹ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán àti kámẹ́rà fóònù olówó pọ́ọ́kú máa ń pa àwọ̀ dà.

Lọ́dún 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá. Ti Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀ lé e ní 1990. Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló wà níbẹ̀, a sì ń kọ́ wọn sórí fún ìdánwò. Ta ni yóò ṣe ti ẹja? Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja wà nínú ọgbà LASU ní Ọ̀jọ́ níbí pẹ̀lú wa. Àwọn mọ àrùn, àwa mọ rúsúrúsú yàtọ̀ sí fòò, a ò sì tíì jókòó pọ̀ rí.

A ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé àjákọ kan tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ tánkì. Pupa nìkan ti gba ojú ìwé méjì. Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja, tó sì fẹ́ bá wa kún un, kó yà wá ní Òkókómáíkò lọ́sàn-án Sátidé. Kó mú iyọ̀ dání.