Kí A Yẹ Ìwé Agbaṣẹ́ṣe Wò Kí A Tó Gbé Iṣẹ́ Lé E Lọ́wọ́

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin ará ìlú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Bí a bá la ọ̀nà, bí a bá kọ́ ilé ẹ̀kọ́, bí a bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ìbéèrè méjì ni ó máa ń wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: ta ni wọ́n gbé e fún, èló sì ni ó gbà? Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ ìbéèrè kẹta, tí ó ju méjèèjì lọ: kí ni ẹni náà kọ sínú ìwé rẹ̀ pé òun yóò ṣe, ta ni ó sì yẹ ìwé náà wò? Lórí ìbéèrè kẹta yìí ni a fẹ́ bá àwọn ènìyàn Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ sọ̀rọ̀ lónìí, láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn dé Ìlawó, àti láti Ìsùndúnrin dé Ọlá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ omi ṣe àpẹẹrẹ. Orí àpáta líle ni ilẹ̀ wa jókòó lé. Kì í ṣe ibi gbogbo tí a bá gbẹ́ ni omi ti ń sun. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tí ó bo àpáta náà, àti ibi tí àpáta ti sán, ni omi ń fara pamọ́ sí. Agbaṣẹ́ṣe kan lè kọ ọ́ sínú ìwé pé òun yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wádìí abẹ́ ilẹ̀, pé òun yóò fa omi kànga náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí láti mọ̀ bí kò ní gbẹ, àti pé òun yóò kọ́ ènìyàn méjì ládùúgbò bí a ti ń tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ẹlòmíràn lè kọ gbólóhùn kan ṣoṣo pé òun yóò gbẹ́ kànga, kí owó tirẹ̀ sì kéré ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ iye owó nìkan ni a wò, ẹni kejì ni yóò gba iṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, àwọn ìyá wa tí ń ru garawa kiri ni yóò mọ ohun tí a fi owó ìlú rà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin Ìjọba Àpapọ̀ ti 2007 lórí ọjà rírà àti iṣẹ́ gbígbé jáde là á sílẹ̀ pé, níbi tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ilẹ̀ wa yóò ti figagbága, a gbọ́dọ̀ kéde iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán, kí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí ìwé yóò kásẹ̀ ńlẹ̀. Gbàrà tí àkókò bá pé, ojú gbogbo ẹni tí ó wá ni a ó ti ṣí àwọn ìwé náà, a ó sì ka orúkọ àti iye owó olúkúlùkù sókè. Agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ìmọ̀, irinṣẹ́ àti owó tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, àti pé òun kò jẹ gbèsè owó orí. Ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú nìkan ni a lè fi díwọ̀n wọn. Kò sí àyè láti yí òṣùwọ̀n padà lẹ́yìn tí a bá ti rí ojú ẹni tí ó wá. Láàrin àwọn tí ìwé wọn bá sì kún ojú òṣùwọ̀n ni a ó ti mú ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹni tí ó bá rí i pé a ṣe èrú ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti fi ẹ̀sùn kàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá rú òfin náà, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 5 ni ìjìyà rẹ̀, láìsí owó ìtanràn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ní òfin àti àjọ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí, kí ó rántí ohun tí ojú Nàìjíríà rí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní P&ID. Ní 2010 ni ìjọba àpapọ̀ bá a ṣe àdéhùn pé kí ó kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa sẹ́ gáàsì ní Calabar. Ilé-iṣẹ́ tí kò kọ́ irú rẹ̀ rí ni. Kò sì kọ́ ọ títí di òní. Síbẹ̀, ní 2017, àwọn onílàjà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là fún un, èlé sì sọ ọ́ di ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù 11. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2023 ni Adájọ́ Robin Knowles tó wọ́gi lé ìdájọ́ náà, ó ní èrú àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni a fi gbà á. Orí ni ó kó wa yọ. Bí a bá ti bèèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé, "Kí ni ẹ ti kọ́ rí?", ọ̀rọ̀ kì bá tí dé ilé ẹjọ́ òkè òkun.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwa tìkára wa mọ ìlànà yìí nínú ilé wa. Ọmọ Èjìgbò tí ó ti ṣe làálàá ní Abidjan, tí ó fẹ́ kọ́lé sílé, kì í gbé owó rẹ̀ fún bíríkìlà tí ó bá kọ́kọ́ kí i. Yóò bèèrè ilé tí ó ti kọ́, yóò lọ wo ògiri rẹ̀, yóò bi onílé léèrè bóyá òrùlé ń jò. Èé ṣe tí owó gbogbo ìlú kò fi rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀? Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó sè é wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin ni a kọjú ọ̀rọ̀ yìí sí jù. A mọ̀ pé ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ń retí èrè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú kì í ṣe ẹran àríyá tí a ń pín fún àwọn tí ó jó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá mọ iṣẹ́, kí ìwé rẹ̀ jẹ́rìí rẹ̀ láàrin ìwé àwọn yòókù. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹgbẹ́ náà ni àwọn olùdìbò yóò dá lẹ́bi nígbà tí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ bá ṣí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹni tí ó bá gba owó tààrà, tààrà ni yóò ṣe ìṣirò rẹ̀. Nítorí náà, a ń fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò máa lẹ òṣùwọ̀n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú pátákó kí ìwé tó wọlé. Kí ó jẹ́ pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, tí kò sì bá agbaṣẹ́ṣe kankan tan, ni yóò máa yẹ ìwé wò. Kí a sì sọ fún ẹni tí kò rí iṣẹ́ gbà, ní kíkọ sílẹ̀, ibi tí ó ti kùnà.

Ẹ̀yin olùkọ́ sì ni ojú ìlú. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí òdodo níbi tí a bá ti fi máàkì sílẹ̀ kí a tó ka ìdáhùn. Ẹ máa ka ìkéde iṣẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹ máa lọ jókòó ní ọjọ́ tí a bá ń ṣí ìwé, nítorí òfin kò ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú ni ará ìlú náà yóò fi ṣọ́ owó wọn.