Ọ̀nà Púpọ̀, Ọjà Kan?

Ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n máa ń fi kan àwọn géèmù oníìtàn, pàápàá àwọn tó kún fún idán, iwin àti ẹ̀dá abàmì: pé irọ́ ni ìpinnu tí wọ́n ní kí èèyàn máa ṣe nínú wọn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn olùfisùn ò jiyàn ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọjà kan náà ni gbogbo ọ̀nà ọ̀hún wọ̀. Bí èèyàn dá olè sí, bí ó pa á, ogun àjàkẹ́yìn kan náà ni yóò jà.

Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ohun tí ẹni tó ń gbá géèmù lè yàn tí ẹnì kan ò ti kọ sílẹ̀ dè é. Owó gọbọi sì ni ẹ̀ka ìtàn kọ̀ọ̀kan ń jẹ: òṣèré ní láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ayàwòrán ní láti ya ìlú rẹ̀, ẹni tó bá sì gba ọ̀nà kejì kò ní í fojú kàn án. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń la ọ̀nà méjì, tí wọn á sì tètè pa méjèèjì pọ̀.

Síbẹ̀, iye ìparí tí géèmù ní kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: kí ni àwọn tó ṣe é gbà kí èèyàn pàdánù? Ní 2011, CD Projekt Red, ilé iṣẹ́ kan ní Pólándì, gbé The Witcher 2 jáde. Níparí apá kìn-ín-ní, Geralt, ọdẹ tí wọ́n ń sanwó fún láti pa ẹ̀dá abàmì, lè bá Iorveth tó jẹ́ olórí ọlọ̀tẹ̀ lọ, tàbí Vernon Roche tó jẹ́ ọ̀gá ọmọ ogun. Ẹni tó bá Roche lọ yóò wà ní àgọ́ Ọba Henselt. Ẹni tó tẹ̀ lé Iorveth yóò wà ní Vergen, ìlú tí Henselt fẹ́ gbà. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe sí ìhà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbà kí ẹni tó fowó rà á má rí apá tó pọ̀ nínú rẹ̀.

The Witcher 3 ti 2015 ló wá jinlẹ̀ jù. Ní Velen, ilẹ̀ tí ogun ti jẹ run, olóyè ọ̀mùtí kan tí wọ́n ń pè ní Bloody Baron ń wá ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lu ìyàwó náà, Anna, títí oyún fi bàjẹ́ lára rẹ̀. Geralt bá Anna nínú àbàtà, níbi tó ti ń sìn àwọn àjẹ́ mẹ́ta, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí tí àwọn àjẹ́ náà fẹ́ jẹ. Iwin kan wà tí wọ́n dè mọ́ ìdí igi nítòsí. Ó ní bí Geralt bá tú òun sílẹ̀, òun yóò gba àwọn ọmọ náà là. Bí Geralt bá tú u sílẹ̀, àwọn ọmọ yè lóòótọ́, àmọ́ iwin náà pa abúlé kan run, àwọn àjẹ́ fi ìyà jẹ Anna títí ikú, olóyè sì pokùn so. Bó bá pa iwin náà, àwọn ọmọ ṣègbé. Anna wà láàyè, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ dàrú, ọkọ rẹ̀ sì mú un lọ wá ìwòsàn.

Kò sí àmì kankan lójú ẹ̀rọ tó ń fi èyí tó sàn hàn. Ẹni tó gba ọmọ là ni yóò bá òkú lórí igi. Àwọn kan ní èèyàn ṣáà lè padà síbi tó fi géèmù pamọ́ sí, kó yan òmíràn. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìròyìn Anna kì í tètè dé. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà ní láti tú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ti ṣe ká.

Baldur's Gate 3, tí ilé iṣẹ́ Larian ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní 2023, ní irú ìgboyà yẹn. Àwọn tiefling, ogunléndé tó hu ìwo, fara pamọ́ sí ibùdó àwọn druid, àwọn olùṣọ́ igbó. Èèyàn lè bá Minthara, olórí àwọn tó fẹ́ kọlù wọ́n, lọ pa wọ́n run. Karlach àti Wyll, tí wọ́n lè jẹ́ alábàárìn rẹ̀, ò ní í bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn mọ́, bó bá sì dé ilé èrò Last Light, àwọn tí ì bá pàdé níbẹ̀, tí ì bá bá sọ̀rọ̀, ti kú.

Ọ̀wọ́ géèmù Dragon Age ni ẹ̀sùn náà lẹ̀ mọ́ gbọnin. Látìgbà tí Origins, àkọ́kọ́ nínú wọn, ti jáde ní 2009, ìpinnu inú géèmù kan máa ń bá èèyàn wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí The Veilguard dé ní 2024, ìpinnu mẹ́ta péré láti inú Inquisition, géèmù tó ṣáájú rẹ̀, ló gbà wọlé. Ìwà tó dun èèyàn ni wọ́n hù sí àwọn tó ti ń tọ́jú ìtàn yẹn bọ̀ láti ọdún 15.

Kí ilé iṣẹ́ tó mọ̀ pé apá òun ò ká ẹ̀ka púpọ̀ dín ìbéèrè kù. Ìbéèrè márùn-ún tí ìtàn ń dáhùn sàn ju ọgọ́rùn-ún tí yóò gbàgbé lọ. Kí ẹni tó ń gbá géèmù náà sì jẹ́ kí ohun tó yàn dúró títí dópin, kó tó pè é ní irọ́.