Ọmọlanke Ni Kí Á Rà, Kì Í Ṣe Báárò

 

Owó tí a dá jọ fún ohun tí a ó máa fi kó ẹrù ti wà nílẹ̀. Ohun tí a ó fi owó náà rà ló ń di ariwo. Àwọn kan ní ká ra báárò, pé ó pọ̀ nígboro Ògbómọ̀ṣọ́, pé owó rẹ̀ kò ga. Àwọn kan ní ká má ra nǹkan kan rárá, ṣebí àwọn alábàárù ń bẹ. Àwa ní tiwa, ọmọlanke ẹlẹ́sẹ̀ méjì la fara mọ́. A ó sọ ìdí rẹ̀ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ bá wa jiyàn lè múra sílẹ̀ kó tó dé ìpàdé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọrùn àti ẹ̀yìn wa. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, 50 kílò ni, ẹ sì ń rí bí ọkùnrin tó taagun ṣe ń mí bó bá gbé e. Àpò àgbàdo ńlá tó kún dénu ń lọ sí 100 kílò. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, tí wọ́n ń pè ní ILO, ti dá a lábàá láti ọdún 1967 pé ẹrù tí ọkùnrin tó dàgbà yóò dá gbé kò yẹ kó ju 55 kílò lọ. Wọ́n ní ti obìnrin gbọ́dọ̀ dín sí i dáadáa. Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí à ń gbé ru ara wa ní ọjọ́ ọjà, láti ibi tí ọkọ̀ já iṣu sí títí dé ìsọ̀. Kò sí ìlà kan nínú ọjà yìí tí ẹ ò ní rí ẹni tó ń fi ọwọ́ ti ìbàdí kó tó lè dìde.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tún wà ńbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni fi ọmọdé ṣiṣẹ́ ẹrù tó wúwo débi tó lè ṣe ìpalára fún ìdàgbàsókè rẹ̀. A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Ṣebí orí làwọn ìyá wa fi ń gbé e." Bẹ́ẹ̀ ni o. Àwọn ìyá wa ò ní táyà nígbà náà ni. Ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́, orí ṣì ni ibùjókòó rẹ̀, a ò bá a jà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé ọmọ Èṣọ́ Ìkòyí kì í sá fún ẹrù. Ogun ni wọ́n fi mọ Ìkòyí, kì í ṣe àpò àgbàdo.

Ó kan báárò wàyí. Ẹ wò ó dáadáa. Táyà kan ló ní, iwájú pátápátá ló sì wà. Ẹrù wà láàárín táyà àti ọwọ́ ẹni tó ń tì í, nítorí náà táyà gbé apá kan, ọwọ́ gbé apá kejì. Ẹni tó ti àpò àgbàdo nínú báárò ṣì ń gbé ẹrù ni, ó tún wá ń ṣọ́ ọ kó má baà dojú dé sí ọ̀tún tàbí òsì. Iṣẹ́ bíríkìlà ni báárò dára fún, yẹpẹ̀ díẹ̀, kọnkéré díẹ̀, kí á dà á síbí, ká padà lọ bu òmíràn. Àwọn ará Ṣáínà tí báárò ti wà lọ́wọ́ wọn fún ohun tó ju 1,500 ọdún lọ pàápàá ṣe irú kan tó gbọ́n ju èyí lọ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìbìtì ńlá kan sí àárín gbùngbùn, wọ́n pín ẹrù sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, kí ilẹ̀ lè gbé gbogbo ìwúwo. Irú ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń tà fún wa nígboro.

Ọmọlanke ní ẹsẹ̀ méjì, irin tó so méjèèjì pọ̀, tí àwọn wẹ́dà ń pè ní ásùlù, sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń ru ẹrù, tiwa ni ká fà á. Ní òkè òkun, àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń pè ní kayak, èyí tó bá wúwo nínú wọn, kì í gbé e lórí lọ sódò. Wọ́n á ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì sábẹ́ àárín rẹ̀, wọ́n á fi bẹ́líìtì dè é, ẹnì kan ṣoṣo á sì máa fà á lọ. Bó bá jẹ́ orí yanrìn ni, táyà tó gbòòrò, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò le jù, ni wọ́n ń lò, torí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á rì ni. Ẹrẹ̀ tiwa náà kò yàtọ̀. Ẹ rántí bí ojú ọjà ṣe ń rí lóṣù kẹsàn-án.

Nítorí náà, bí a bá dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, ẹsẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ bèèrè. Táyà ńlá ń gun kòtò kọjá, èyí tó kéré á wọ inú rẹ̀ jókòó. Táyà ọ̀kadà ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́. Táyà mọ́tò àlòkù la rò pé ó bá ilẹ̀ wa mu, bó tilẹ̀ wúwo díẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ká ra èyí tí kò gba afẹ́fẹ́, pé ìṣó kò lè lu ú. Òótọ́ ni, ìṣó kò lè lu ú. Ṣùgbọ́n gbogbo òkúta tó bá gùn ni yóò fi gbọn ẹrù, iṣu tó bá sì ti ṣèṣe kì í pẹ́ jẹrà. Ti tòmátì ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ra alátẹ́gùn, ká ra túùbù kan sílẹ̀, ká ra pọ́ǹpù. Lórí ọ̀dà kí afẹ́fẹ́ kún, nínú ẹrẹ̀ kí á dín in díẹ̀. Bẹ́ríǹgì rẹ̀ ń fẹ́ gíríìsì lóòrèkóòrè, ọmọlanke tó bá ń ké lójú ọ̀nà, agbára ẹni tó ń fà á ló ń jẹ.

Kí wẹ́dà má tan wá pé irin tó nípọn jù ló dára jù. Irin ni wọ́n ń tà, wọ́n á yìn ín. Ọmọlanke tó ti rẹni kó tó gba ẹrù kò wúlò fún obìnrin. Irin fún egungun rẹ̀, pákó fún ilẹ̀ rẹ̀, ó tó. Ká tó sanwó, kí á di iṣu kún un níwájú wẹ́dà, kí ọ̀kan nínú wa gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, kó fà á yípo. Bí ọwọ́ bá wúwo jù, ásùlù ti jìnnà sẹ́yìn jù. Bí ọwọ́ bá ń fò sókè fúnra rẹ̀, ásùlù ti wá síwájú jù. Díẹ̀ ni kí ìwúwo fi tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fà á. Kí ó sì ní ẹsẹ̀ onírin tí yóò fi dúró bí a bá fi í sílẹ̀.

Ẹrù dídì náà ní ọgbọ́n. Èyí tó wúwo nísàlẹ̀, lórí ásùlù gan-an, èyí tó fúyẹ́ lókè. Okùn kan níwájú, okùn kan lẹ́yìn, kí á fi àpò àlòkù tẹ́ abẹ́ okùn kó má baà gé èèpo iṣu. Bí a bá ń já ẹrù, apá ẹ̀yìn ni ká kọ́kọ́ já. Ẹni tó bá já ti iwájú tán, tí ti ẹ̀yìn ṣì kún, ọwọ́ ọmọlanke á fò sókè lù ú ní àgbọ̀n.

Ibi tó ń bà wá lẹ́rù jù ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà níwájú ẹrù. Ẹ yí ọmọlanke padà, kí ẹrù máa lọ ṣáájú, kí ẹni tó dì í mú máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì di okùn mú pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá ń gòkè, kí ẹnì kan máa fà, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú òkúta tàbí igi tí yóò tì sábẹ́ táyà bó bá rẹ̀ wọ́n. Kí ó má dúró sẹ́yìn táyà. Àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀ ṣeré, a ti ń rí wọn lórí ti àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn alábàárù ńkọ́? A ò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwọn gan-an ni kí á gbé ọmọlanke fún. Ẹrù tí wọ́n ń fi orí gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n á fà á lẹ́ẹ̀kan, ọrùn wọn á sì sinmi. Kí wọ́n máa san díẹ̀ fún ẹgbẹ́ lójoojúmọ́ ọjà, kí owó náà dá wà fún táyà àti gíríìsì. A ń sọ ọ́ tẹnu mọ́ ọn: kí ó dá wà. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ owó àríyá, ọmọlanke á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́jọ́ tí túùbù bá bẹ́, àwọn aláròyé á sì ní ṣebí àwọn ti sọ.

Ibi tí yóò máa sùn tún ṣe pàtàkì. Ẹ ò gbàgbé iná tó jó Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020, bí ọjà àwọn ènìyàn wa ṣe di eérú. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọ̀nà tó ṣófo láàárín ìsọ̀ la ó gbà kó ẹrù jáde, òun náà làwọn panápaná yóò gbà wọlé. A ò gbọdọ̀ gbé ọmọlanke dí i lálẹ́. Ẹnu ọ̀nà ọjà ni kó wà, kí á fi ṣéènì àti àgádágodo dè é.

Ó ku ìbú rẹ̀. Ọmọlanke tó gbòòrò ń gba ẹrù, kì í sì í tètè dojú dé, ṣùgbọ́n bí kò bá gba ọ̀nà ìlà wa kọjá, ẹnu ọ̀nà ni yóò máa já ẹrù sí, orí la ó tún fi gbé ìyókù. Nítorí náà, kí olórí ìlà kọ̀ọ̀kan mú okùn, kó fi wọn ibi tó há jù ní ìlà tirẹ̀, láti orí tábìlì dé orí tábìlì, kó ta kókó sí i, kó sì mú un wá sí ìpàdé. Okùn tó bá kúrú jù nínú gbogbo wọn la ó mú lọ bá wẹ́dà.