Kọ́kọ́rọ́ Màmá

Ẹ̀yin ẹbí wa ní Barking àti Dagenham, lásìkò yìí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí ìyá tàbí bàbá láti ilé, a ní ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ sọ. Ẹ̀bi tiwa ló wà nínú rẹ̀, a ò sì ní fi pa mọ́.

Nígbà tí Màmá wa fẹ́ wá lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, gbogbo nǹkan la ṣírò. Iṣẹ́ ìṣirò owó là ń ṣe jẹun, ó ti mọ́ wa lára. A kọ owó físà sílẹ̀, a kọ owó tíkẹ́ẹ̀tì, a kọ owó hítà tí yóò lé sí i, owó kóòtù àti ti bàtà òtútù. A tilẹ̀ kọ owó iṣu, nítorí Màmá ò ka ọ̀dùnkún sí oúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo la gbàgbé, owó rẹ̀ ò sì tó pọ́n-ùn mẹ́wàá: kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ẹni ọdún 78 ni Màmá. Ó lé ní ogójì ọdún tí ó fi ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìtòkú, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ kì í dákẹ́. Kí Màmá tó tú ẹrù láàárọ̀, ó ti kí ogún èèyàn, ogún èèyàn sì ti kí òun náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la mú wá sí Becontree lóṣù October, tí a sọ fún pé kó jókòó kó sinmi.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwa ti wà nínú ọkọ̀ District line. Ìyàwó wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti lọ ibi iṣẹ́. Ní aago mẹ́jọ àwọn ọmọ á jáde, ó di Màmá àti tẹlifíṣọ̀n. Òfin la fi dá a mọ́lé: "Màmá, ẹ má fọwọ́ kan sítóòfù yẹn o. Màmá, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni." A rò pé à ń kẹ́ ẹ ni. Bí àwọn ọmọ bá dé, wọ́n á kí i lédè Òyìnbó, wọ́n á gba òkè lọ. Ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó jẹun tán. Màmá á bi wá lálẹ́ pé, "Ṣé báyìí ni ilẹ̀ ń ṣú níhìn-ín, àbí òjò ló fẹ́ rọ̀?"

Iṣẹ́ kan péré ló fi agídí gbà lọ́wọ́ wa: fífọ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ. Ó ní ẹ̀rọ kì í fọ ọrùn aṣọ dáadáa.

Ní ọjọ́ Tuesday kan ní ìparí November, Màmá gbọ́ tí ẹni tó ń pín lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà. Ó jáde láti kí i. Ilẹ̀kùn wa, bíi ti ọ̀pọ̀ yín, bó bá ti pa dé, ó ti ti ara rẹ̀ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ilẹ̀kùn pa gbà! Ìró àti búbà ló wà lára Màmá, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fóònù ń bẹ nínú ilé. Ó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kò sẹ́ni níbẹ̀. Òtútù mú un, ó ní kí òun rìn díẹ̀ kí ara lè gbóná. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó ní kí òun máa padà bọ̀. Ó tán!

Ẹ̀yin ọmọ wa, ṣé ẹ mọ ìdí tí ó fi sọnù? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba London ìgbà náà kọ́ ilé fún àwọn tí ibùgbé há mọ́ ní East End. Láàárín ọdún 1921 sí 1935, wọ́n kọ́ nǹkan bí 26,000 ilé sí Becontree. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn ilé náà jọra bí ìbejì. Màmá ní, "Èyí tí mo bá rí lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní òun nìyí. Bí mo bá dé iwájú rẹ̀, kì í ṣe òun."

Ó jókòó sí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Ẹ kú ọ̀sán o." Àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n kọjá. Nígbà tó yá, obìnrin kan dúró. "Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe nínú òtútù yìí láìwọ kóòtù?" Màmá ò mọ àdírẹ́ẹ̀sì wa. Ilé ọmọ òun ní London ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, "Aṣọ ọmọ ọmọ mi, àwọ̀ ewé ni, àmì igi wà láyà rẹ̀. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́." Arábìnrin náà mọ ilé ìwé tí ń wọ aṣọ bẹ́ẹ̀. Ó mú Màmá lọ sílé rẹ̀, ó fún un ní tíì gbígbóná, ó fi kóòtù ọkọ rẹ̀ bò ó. Ní aago mẹ́ta wọ́n lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ọmọ wa, ọmọ ọdún mọ́kànlá, rí ìyá àgbà rẹ̀ nínú kóòtù ọkùnrin, ó sáré dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Arábìnrin wa, ẹ ní ká má dárúkọ yín. A dúpẹ́ o, Ọlọ́run á san án fún yín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Màmá ní, "Àkànní, bá mi yí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà. Mo fẹ́ lọ sílé." Ẹ wo ìdáhùn wa! A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iye tí wọ́n ń gbà láti yí ọjọ́ padà. Ó wò wá títí, ó ní, "Nílé tèmi, èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn fún èèyàn." A ò rí èsì fọ̀.

Ní ọjọ́ kejì a gé kọ́kọ́rọ́ ní Heathway. Màmá so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ọmọ wa kọ àdírẹ́ẹ̀sì sórí páálí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú Màmá rìn lẹ́yìn ilé ìwé. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1980 ti gba àwọn ayálégbé ìjọba láyè láti ra ilé wọn, oníkálukú ti ń kun ilẹ̀kùn rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àwọn àmì yẹn ni wọ́n ń wò: ilẹ̀kùn búlúù, ilé tó ní ère kìnnìún méjì, lẹ́yìn náà ilé wa, nọ́ńbà 45. Màmá pè é ní "márùndínláàádọ́ta." Ọmọ wa ní kí ló dé tí a fi ń yọ márùn-ún kúrò. Màmá ní ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Yọ ẹ̀wá, ó di àádọ́ta. Yọ márùn-ún, o délé. Àwa tí à ń fi ìṣirò jẹun, a ò ronú kàn án rí! Bí ọmọ tó ń kí ìyá àgbà kó lè ráyè gba òkè lọ ṣe di ẹni tó ń jókòó tì í nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì ló tún kàn. Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì London ò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. Màmá na owó sí dírẹ́bà, dírẹ́bà mi orí. "Irú ọlọ́jà wo ló ń kọ owó?" A ra káàdì Oyster fún un. Nígbà tó fi máa di January, òun nìkan ń lọ sọ́jà East Street ní Barking. Ó ń ná ẹja, wọn ò yọ kọ́bọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ja ti ń kí i kó tó dé ìdí igbá.

Màmá ò yí tíkẹ́ẹ̀tì padà mọ́. Nígbà tó ń lọ ní March, a ní kó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ní, "Fún kí ni? Ṣé mi ò ní padà wá ni?" Ó wà l'Abẹ́òkúta báyìí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbàgbé o: físà ìbẹ̀wò lásán kì í sábà gba èèyàn láyè ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì fàyè gba iṣẹ́ owó. Ìtọ́jú ní A&E ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá àlejò dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n lè gba 150% iye tí ìtọ́jú náà ná wọn. Ẹ ra ìbánigbófò kó tó gbéra. Lẹ́yìn náà, ẹ gé kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó dáná, ẹ jẹ́ kó mọ ọ̀nà. Àlejò ọjọ́ mẹ́ta la lè ní kó jókòó. Ẹni tó máa lo oṣù mẹ́fà, ará ilé ni.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín rèé: ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà ilé yín lédè Yorùbá. Ẹ bi àgbà ilé, ẹ má bi fóònù. Ó dàbọ̀ o.