Kí Iṣẹ́ Ọnà Orí Ààtàn Má Baà Bá Owó Lọ Tán

Ẹni tí ó bá gba Òrù kọjá lọ sí Àgọ́-Ìwòyè tàbí sí Ìjẹ̀bú-Igbó yóò rí i pé ohun tí a ń sọ nù ní agbègbè wa pọ̀ púpọ̀ ju ohun tí a ń tọ́jú lọ. Irin àlòkù ga bí òkìtì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì. Àgékù pákó ń jóná ní àwọn sọ́míìlì. Ìdérí ìgò rì sínú ẹrẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé ọtí. Àwọn tí ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù a máa wá pẹ̀lú òṣùwọ̀n, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a sanwó, wọn a sì kó o lọ sí ibi tí a ó ti yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kí ọkọ̀ wọn tó dé, ẹlòmíràn ti ṣáájú wọn débẹ̀: oníṣẹ́ ọnà tí ń ṣa èyí tí ojú rẹ̀ mú, tí yóò jó wọn pọ̀ tàbí kàn wọ́n pọ̀, tí wọn yóò sì di ẹyẹ, tàbí ẹṣin, tàbí ojú ènìyàn.

Bóyá ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe tó ohun tí à ń pè ní ọnà, a kò ní fi àkókò ṣòfò lórí èyí. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ibi tí iṣẹ́ náà ń lọ lẹ́yìn tí ó bá parí. Èrò wa ni pé kí àwọn oníṣẹ́ ọnà yìí máa bá ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀, kí iṣẹ́ ẹni kìíní máa gbé ilé ẹni kejì, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa sì máa ṣe bákan náà. Ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: ohun tí a bá fi owó nìkan díwọ̀n, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò gbé e lọ, ẹni náà kì í sì í sábà gbé ní Òrù.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa fi ìdọ̀tí ṣe ọnà. Wọn kò ranti ààlè. Àkísà pupa, ṣúkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, ooyà tí eyín rẹ̀ ti ká, àwókù bàtà: kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ni oko bá so wọ́n pọ̀ tí ó sì gbé wọn kọ́ sára igi, olè yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó na ọwọ́. Ọ̀mọ̀wé David Doris, ará Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé kan lórí ààlè, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2011. Ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀ pé àjèjì ni ó jókòó ti ọ̀ràn náà bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń kọjá lábẹ́ ààlè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láìbéèrè ohun tí ó ń sọ.

Àrokò sì tún súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ènìyàn méjì ni ó máa ń wà nídìí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sin owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó fi ránṣẹ́, ẹfà ni: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹnì kejì bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ wa jọ. Kí olùkàwé wa kíyèsí ohun kan níhìn-ín. Owó ni ẹyọ ní ayé ìgbà náà. Ẹni tí ó sin mẹ́fà pọ̀ mú owó kúrò nínú ọjà, ẹni tí ó sì gbà á kò ní tú u láti fi ra ata. Láti ìgbà tí ó ti gba ọwọ́ ẹni méjì yìí kọjá ni kò ti jẹ́ owó mọ́. Irú àǹfààní yìí gan-an ni a ń wá fún àwọn oníṣẹ́ ọnà wa.

Àwa Ìjẹ̀bú kò sì lè sọ pé a kò mọ bí a ti í sọ ohun kan di òmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Pọtogí, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní Ìjẹ̀bú, ẹgbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15 ni a fi ń ra ẹrú kan. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ṣùgbọ́n ó wà ní àkọsílẹ̀. Àwọn onímọ̀ sì gbà pé púpọ̀ nínú idẹ tí ó ti òkè òkun wá bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń rọ idẹ ní ilẹ̀ wa yọ́, tí wọ́n sì fi ṣe ohun èlò mímọ́, nínú èyí tí ẹdan Òṣùgbó wà. Ohun tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí iye owó orí ènìyàn jáde gẹ́gẹ́ bí àmì òtítọ́ láàrin àwọn àgbà. Ẹ bá wa wo ibi tí púpọ̀ nínú àwọn ẹdan náà wà lónìí: inú àpótí dígí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Bí a bá kọjá ẹnubodè sí Àjàṣẹ́, èyí tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, a ó bá Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá tí a bí ní ọdún 1962. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń gbé epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà wọ Benin ni ó ń ṣà. Bí ó bá gé kẹ́ẹ̀gì náà, ẹnu rẹ̀ á di ẹnu ènìyàn, ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ á di imú. Àwọn tí ń fi alùpùpù gbé epo yìí a máa yá kẹ́ẹ̀gì náà níná kí ó lè wú, kí ó gba epo púpọ̀ sí i, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Bí ó bá sì bẹ́, ẹni tí ó gbé e ni iná yóò jó. (Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wa yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, ọjà àwọn ènìyàn wọ̀nyí mì tìtì, bí a bá sín ní Àbújá, wọn a máa gbọ́ ọ ní Àjàṣẹ́.) Láti ọdún 1997 sí 2005 ni Hazoumè fi to kẹ́ẹ̀gì 304 jọ bí ìrísí ọkọ̀ ẹrú tí à ń pè ní Brookes, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan dúró fún ènìyàn kan. Ó pe iṣẹ́ náà ní La Bouche du Roi. Ní ọdún 2007, tí ó jẹ́ igba ọdún lẹ́yìn òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ka òwò ẹrú léèwọ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá wọn ní Lọ́ńdọ̀n, British Museum, rà á.

A kò bínú sí i. Oníṣẹ́ a máa jẹun láti inú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tọ́ kí àwọn tí baba wọn ni ọkọ̀ ẹrú máa wo ohun tí ọkọ̀ náà kó. Kí a má sì purọ́, àwọn ará ilé náà ti rí iṣẹ́ rẹ̀: Àjọ Zinsou, tí ó ṣí ilẹ̀kùn ní Kútọnu ní ọdún 2005, pàtẹ ọnà rẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí baba rẹ̀ ń gbé kẹ́ẹ̀gì lórí alùpùpù láti Ìdí-Ìrókò yóò gba ìwé àṣẹ ìrìnnà kí ó tó lè rí ọkọ̀ kẹ́ẹ̀gì 304 yẹn pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ìtàn tí ó dàgbà ju èyí lọ wà nípa ère Gu, tí í ṣe Ògún àwọn Fọ̀n. Akati Ekplekendo ni a gbọ́ pé ó fi irin àlòkù tí ó ti Yúróòpù wá rọ ọ́ fún ọba Glèlè ti Dàhòmì, ní nǹkan bí ọdún 1858. Àwọn ọmọ ogun Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, a sì kó ère náà dé Pàríìsì ní ọdún 1894. Ó wà ní Louvre. Nígbà tí Faransé dá ohun 26 padà fún Benin ní ìparí ọdún 2021, ère irin yìí kò sí lára wọn. Irin tí àwọn òyìnbó kò fẹ́ mọ́ ni, a sọ ọ́ di òrìṣà, wọ́n padà wá gbé e, ó sì ṣòro fún wọn láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìbọn ni ó gbé ìyẹn lọ, owó ni ó ń gbé ti òde òní. A mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ògiri tí ó ṣófo ní ilé kò mọ ìyàtọ̀.

Kì í ṣe Àjàṣẹ́ nìkan. El Anatsui, ọmọ Gánà tí ó dé Nsukka ní ọdún 1975, ń fi ìdérí ìgò ọtí hun ohun tí ó dàbí aṣọ òkè ńlá, iṣẹ́ rẹ̀ sì gba inú gbọ̀ngàn Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀n kan láti ọdún 2023 wọ 2024. Olú Amoda, tí ó kọ́ni ní Yaba, a máa jó ìṣó àti irin àlòkù pọ̀. Orúkọ wọn dùn ún gbọ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ní Ìjẹ̀bú Àríwá ni ó ti fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ṣe?

Níhìn-ín ni pàṣípààrọ̀ ti ń wúlò. Ní ọdún 1907, Picasso àti Matisse, tí wọ́n jẹ́ abánidíje ní Pàríìsì, pààrọ̀ àwòrán pẹ̀lú ara wọn. Èyí tí Picasso gbà ni àwòrán ọmọbìnrin Matisse. Ó di ọlọ́rọ̀, ó ta àìmọye iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ta ti Matisse. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà títí ó fi kú ní ọdún 1973, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Pàríìsì lónìí. Ohun tí a fi ọnà gbà, ojú máa ń ti ènìyàn láti tà á. Picasso yìí kan náà ni ó fi ìjókòó àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe orí akọ màlúù ní ọdún 1942. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kékeré wo àwọn tí ń ṣa kẹ̀kẹ́ jíjẹrà ní ẹ̀bá ọ̀nà wa.

Ní Àjàṣẹ́ kan náà, Calixte àti Théodore Dakpogan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti ìdílé alágbẹ̀dẹ, jọ fi ẹ̀yà ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe ère àwọn òrìṣà fún àjọ̀dún tí a pè ní Ouidah 92, èyí tí ó wáyé ní oṣù kejì ọdún 1993. Ènìyàn méjì nídìí òkìtì irin kan: ojú ọ̀kan rí ohun tí ojú èkejì fò dá. Ẹni tí ó ń dá ṣiṣẹ́ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, àfi bí iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà lára ògiri rẹ̀ tí ń wò ó lójoojúmọ́.

A mọ àtakò tí yóò tẹ̀lé e. Wọn yóò ní pàṣípààrọ̀ kò sè nínú ìkòkò. Òtítọ́ ni; ìdí nìyẹn tí a kò fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tà. Kí ó ta mẹ́sàn-án, kí ó fi ìkẹwàá bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀. Wọn yóò tún ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kàn yóò fara gbá òfò bí ó bá bá ẹni tí a kò mọ̀ pààrọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n Picasso ti ọdún 1907 kò tíì di Picasso tí ayé mọ̀, ẹni tí ó bá sì gba iṣẹ́ ọ̀dọ́ wẹ́dà kan ní Òrù lónìí kò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kìkì pé kí wọ́n ṣe é bí ọmọlúàbí: kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ tí ó ṣe é, àti ibi tí ó ti ṣa ohun èlò rẹ̀ sí ẹ̀yìn iṣẹ́ náà, kí ẹni kẹta jẹ́ ẹlẹ́rìí, bí àìní bá sì mú kí ẹnì kan fẹ́ tà, kí ó kọ́kọ́ fi lọ ẹni tí ó ṣe é. Irin a máa dípẹtà, pàápàá ní ilẹ̀ òjò bíi tiwa. Nítorí náà kí a máa fi òróró pa á, kí a má sì gbé e sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni a ti lè tètè bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, àti ṣáájú rẹ̀, ni iṣẹ́ ọwọ́ ti wà nínú ẹ̀kọ́ wa. Kí ni ó máa ń di? Ọmọ á gbé ìgbálẹ̀ tàbí agbọ̀n wá, olùkọ́ á fún un ní máàkì, agbọ̀n á sì pòórá. (A kò béèrè ilé ẹni tí ìgbálẹ̀ wà.) Kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òrù fi àgékù pákó, agolo àti ìdérí ìgò ṣe iṣẹ́ ní sáà yìí, kí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe tiwọn, kí àwọn ti Abigi àti Ìwòpin ní etí omi sì fi àwọ̀n jíjá àti àfọ́kù ọkọ̀ ojú omi ṣe tiwọn, kí wọ́n pààrọ̀ ní ìparí sáà. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ọmọ ìlú mìíràn ni yóò gba iṣẹ́ òun kò ní ṣe é ní ìdákúdà.

Àbójútó kò gbọdọ̀ gbẹ̀yìn. Kí ọmọ má fi ọwọ́ kan bátìrì ọkọ̀, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀. Kí àgbà bá a gé agolo. Kẹ́ẹ̀gì tí ó ti gbé epo kò gbọdọ̀ súnmọ́ iná rárá. Kí a sì kọ́ wọn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó sọnù. Ẹni tí ó tú wáyà iná ìlú kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà, olè ni, ìdí ẹ̀rọ náà ni ààlè sì yẹ jù.

Ní ti ìjọba ìbílẹ̀ àti yunifásítì tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti ọdún 1982, a kò béèrè ilé tuntun. Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òrù àti ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kan tí a ó máa kọ orúkọ àwọn tí ó pààrọ̀ sí, àti ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Irin wà, pákó wà, àwọn wẹ́dà wà ní ẹ̀bá ọ̀nà; ìṣó tí a ó fi gbé iṣẹ́ kọ́ sára ògiri ni ó kù.