Oògùn Ìdáwọ́dúró Nǹkan Oṣù: Ẹ Jẹ́ Ká Jọ San Án

Obìnrin tó ń dín gàrí ní Ìdòfin, ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, Ìpínlẹ̀ Kwara, mọ ooru iná. Ó mọ bí èéfín ṣe ń ta ojú, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun sún sẹ́yìn kí atẹ́gùn fẹ́ sí òun. Ṣùgbọ́n tó bá ti sún mọ́ ẹni ọdún 50, ooru mìíràn a bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò tinú ààrò wá. A rú láti àyà, a gba ọrùn gun orí, aṣọ a rin gbingbin, àyà a máa lù kìkì, kò sì ní pẹ́ tí òtútù yóò fi mú un. Lóru, ooru yìí kan náà a tún jí i lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò tíì sùn, oko àti ọjà sì ń retí rẹ̀.

Ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù ló dé. Ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé ti ń ṣíwọ́ iṣẹ́, họ́mọ́ọ̀nù estrogen ti ń dín kù lára, ara sì ń wá a. Bí oṣù 12 bá kọjá tí obìnrin kò rí nǹkan oṣù, ó ti dáwọ́ dúró pátápátá nìyẹn. Káàkiri ayé, àárín ọdún 45 sí 55 ló máa ń bọ́ sí fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ìwádìí tí Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn obìnrin Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, fi í sí nǹkan bí ọdún 48. Àwọn kan ń gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn mìíràn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọpa àwọn obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, èsì tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé ìdajì àwọn tí ooru yìí ń bá jà ló jìyà rẹ̀ ju ọdún 7 lọ. Láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó ju ọdún 10 lọ. Ta ni yóò wá sọ fún obìnrin pé kó fara da àìsùn fún ọdún mẹ́wàá?

Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Kò sí ìyá tó dàgbà tí kò ní gba ojú ọ̀nà yìí. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó ìtọ́jú rẹ̀, àwa a fi í sílẹ̀ fún olúkúlùkù kó lọ yanjú ẹ̀ lápò ara rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí a yí padà ní Kwara.

Àwọn kan yóò ní owó dà. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo owó tó ń lọ báyìí. Obìnrin tí ara rẹ̀ ń gbóná, ibà ni wọ́n ń pè é. Yóò ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, kò ní gbọ́. Yóò ra ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, yóò gba omi sára, yóò ra oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn oorun. Yóò ra àgbo. Bí àyà rẹ̀ bá ń já, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, yóò tún wá owó ẹbọ tàbí ti ìsọ́ òru. Gbogbo èyí lè gba ọdún kan, méjì, kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè pé, “Ìyá, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?” Owó ti jáde, àlàáfíà kò wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wà. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù fún ooru yìí ni kí dókítà dá estrogen padà sí ara díẹ̀díẹ̀, ì báà jẹ́ oògùn oníhóró, ì báà jẹ́ èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ awọ tàbí tí à ń fi para. Obìnrin tó ṣì ní ilé-ọmọ gbọ́dọ̀ lo họ́mọ́ọ̀nù kejì, irú progesterone, pọ̀ mọ́ ọn, nítorí estrogen nìkan lè mú kí ara ilé-ọmọ nípọn débi tí yóò fi di jẹjẹrẹ. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, dókítà máa ń wá oògùn mìíràn tí kì í ṣe họ́mọ́ọ̀nù fún un. Ẹni tí ojú ara rẹ̀ gbẹ, tí ìbálòpọ̀ di ìrora fún, ìpara estrogen wà fún un. Àwọn kan ṣì ń sọ pé obìnrin tó ti kọjá nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ rẹ̀ kí inú rẹ̀ má baà wú. Kò sí òótọ́ níbẹ̀. Ìrora tó ṣeé wò ló ń lé wọn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Nítorí pé oògùn kan náà kò bá gbogbo obìnrin mu, ìwé dókítà ṣe kókó. Ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń di òkè. Láti Ìdòfin, ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ obìnrin lè ní láti wọkọ̀ dé Ìlọrin. Owó ọkọ̀ wà, owó káàdì wà, ti àyẹ̀wò wà. Lẹ́yìn èyí ló tó kan oògùn, èyí tí yóò máa rà lóṣooṣù fún bí ọdún mélòó kan. Òkèèrè la ti ń kó ọ̀pọ̀ jù lọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ wá, a sì mọ ohun tí ojú náírà rí. Kí oṣù June 2023 tó dé, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní báńkì. Kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2024 tó parí, ó ti fò kọjá 1,500. Ní August 2023, ilé-iṣẹ́ apoògùn GSK kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà. Owó oṣù tó kéré jù lọ láti 2024 jẹ́ 70,000 náírà, ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ṣe oko ẹ̀gẹ́ ní Òkè-Ẹ̀rọ̀ kò sì ní owó oṣù kankan. Nínú gbogbo 100 náírà tí à ń ná sí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí, ó ju 70 lọ tó ń jáde látinú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ wa tó wà ní London. Tẹ́lẹ̀, obìnrin tó ń lo estrogen àti progesterone lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní England ń san owó ìwé oògùn méjì, ó sì ń san án lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo ìgbà tí oògùn bá tán. Àwọn obìnrin fohùn sí i. Carolyn Harris, tó jẹ́ aṣojú Swansea East nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ìgbìmọ̀ ní 2021. Nígbà tó di April 1, 2023, ìwé tuntun kan jáde: ẹni tó bá san £19.30 lẹ́ẹ̀kan ti san ti ọdún kan gbáko fún oògùn họ́mọ́ọ̀nù rẹ̀, iye yòówù kó gbà. Ó gòkè di £19.80 ní 2024. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, wọn kì í gba owó ìwé oògùn rárá. Ọmọ Òkè-Ẹ̀rọ̀ tó ń gbé ní Peckham ní London ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ọlọ́dún kan ti England yìí. Ìyá rẹ̀ tó wà nílé ń dá gbogbo ẹrù tirẹ̀ gbé.

Wọ́n lè sọ pé England lówó lọ́wọ́. Kwara náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 2007, ètò adójútòfò ìlera fún àwọn ará ìgbèríko bẹ̀rẹ̀ ní Shonga, gẹ́gẹ́ bí àjọṣe láàárín ìjọba ìpínlẹ̀, ilé-iṣẹ́ Hygeia àti àjọ PharmAccess, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti Netherlands. Ó dà bí èsúsú: gbogbo èèyàn ń dá díẹ̀, ẹni tó bá ṣàìsàn ló ń kó. Nǹkan bí 300 náírà lọ́dún ni àgbẹ̀ ń dá nígbà náà, ètò náà sì ń san ìyókù. Nígbà tó dé Àfọ̀n, àwọn olùwádìí wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì wọn ti àdúgbò mìíràn ní Kwara tí kò ní ètò náà. Lẹ́yìn ọdún méjì, òǹkà òkè àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ti fi nǹkan bí 10 wálẹ̀ níbi tí ètò wà. Níbi tí kò sí, 5 ni. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà gbé èsì yìí jáde ní 2014.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti wàhálà ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù jọra níbi kan: oògùn ojoojúmọ́ ni, ọjọ́ tí owó bá tán ni ìtọ́jú ń dáwọ́ dúró. Àfọ̀n ti fi hàn pé bí a bá jọ gbé owó náà, aláìsàn yóò lo oògùn, ara rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Àwọn ìyá wa àgbà ń sọ pé àwọn kò lo oògùn kankan, àwọn sì là á já. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n a kò mọ iye wọn tó ṣàìsùn fún ọdún mẹ́wàá, tí a ń pè ní oníbìínú. Wọ́n bímọ láìsí nọ́ọ̀sì pẹ̀lú, a kò sì tìtorí ìyẹn ti ilé ìgbẹ̀bí pa.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kí àjọ adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Kwara kọ ìtọ́jú ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù kedere sínú ohun tí owó rẹ̀ ń san: estrogen àti progesterone oníhóró, ìpara, àti ó kéré tán oògùn kan tí kì í ṣe họ́mọ́ọ̀nù. Kí wọ́n kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí a lè ra èyí tó dín owó, kí a sì rà á pọ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìlera Ìdòfin, Ìlọ́fà àti Ọ̀sí láti bi gbogbo obìnrin tó ti lé ní ọdún 45 ní ìbéèrè kan yẹn nípa nǹkan oṣù, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí wọ́n sì mọ ẹni tó yẹ kó rí dókítà. Bí dókítà bá ti kọ oògùn, kó lè máa gba ìyókù nítòsí ilé. Lẹ́ẹ̀kẹta, òfin àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ (NHIA) ti 2022 sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì dá owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Kí orúkọ àwọn ìyá wa nígbèríko wọ inú ìwé àwọn aláìní náà.

Àwa náà ní ipa tiwa. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè òkun, nígbà tí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, ẹ béèrè bí ìyá ṣe ń sùn. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ̀jẹ̀ bá tún dé lẹ́yìn tó ti dáwọ́ dúró fún ọdún kan, ẹ má ṣe dúró; ẹ tètè lọ rí dókítà, nítorí ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti olórí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ àti mọ́sálásí, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀ àti aṣòfin yín, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò dáhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn obìnrin England kò dákẹ́, wọ́n sì gba ohun tí wọ́n ń wá láàárín ọdún méjì.